Ìbọn Igi Tó Wà Níbàdí Mi

Òórùn edé gbígbẹ àti ti ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ padà bá mi nígbàkígbà tí mo bá rántí yàrá òkè yẹn, lẹ́yìn ọjà Sandgrouse ní Èkó. Òórùn náà máa ń gba ojú fèrèsé tí kò ní gíláàsì wọlé, á dàpọ̀ mọ́ òórùn gíríìsì àti ti irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn gé, débi pé bí ènìyàn bá jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò ní í mọ̀ mọ́ bóyá ilé ìdáná ni òun wà tàbí ilé àgbẹ̀dẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ mi sọ pé ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ibẹ̀. Ọkàn mi ní tirẹ̀ sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nítorí ó rántí omi òjò àná, òjò ọjọ́ Ajé, nínú kòtò ẹnu ọ̀nà, àti bí mo ṣe fò ó kọjá pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì mi lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ èwo nínú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì yìí ló yẹ kí n gbà gbọ́. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ tó bá sì rẹ̀ a máa ṣi ọjọ́ kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tí ojú ń tì a máa tún nǹkan tò kó lè rí ibi fara pamọ́ sí. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè búra lé ni òórùn yẹn.

Ọkùnrin tó ni yàrá náà ń ṣe kọ́kọ́rọ́, ó sì ń tún àpótí onírin ṣe fún àwọn ọ́fíìsì tó yí gbàgede Tinúbú ká. Iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ló rọra sọ fún mi pé ó ní iṣẹ́ kejì tí kì í kọ sára pátákó. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì, tí mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to fáìlì àwọn ẹni tí iná jó ọjà wọn àti àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́, ni mo wá ń gun àtẹ̀gùn onígi yẹn láti lọ wá ìbọn kékeré kan, irú èyí tí kò ní í hàn lábẹ́ aṣọ, tí owó oṣù mi sì lè ká. Mo mọ̀ pé òfin kò gba ẹni tí kì í ṣe agbófinró láyè láti ní irú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. N kò lè fi àìmọ̀ bojú níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ló fà á. Ilé àjogúnbá wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé alágbàlá tí ilẹ̀kùn mẹ́fà ṣí sí, tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alhájà, ló kù, òun sì ni olórí ilé. Bùọ̀dá mi, ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, kó wó o, kó sì kọ́ ilé alájà gíga sí i tí wọn yóò fi ṣe ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìkẹ́rùsí. Ìwé ti wà nílẹ̀. Kí ẹnìkan fọwọ́ sí i láti ìdílé bàbá tirẹ̀, kí ẹnìkan fọwọ́ sí i láti ìdílé bàbá tèmi, kí Alhájà sì fi àṣẹ sí i, ìyẹn nìkan ló kù. Bùọ̀dá fẹ́, èmi kọ̀. Inú ilé yẹn ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ń gbé, n kò sì ní ibòmíràn láyé tí mo lè na ìka sí pé tèmi nìyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gba ọ̀nà tóóró kan ní Olówógbowó bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àwọn ọkùnrin méjì dínà mọ́ mi. Wọn kò gba fóònù, wọn kò gba àpò. Wọ́n kàn tì mí sínú gọ́tà, ọ̀kan nínú wọn sì sọ, bí ẹni ń rán ènìyàn létí pé kó ra búrẹ́dì bọ̀, pé, "Ògá, ẹ bá wa fọwọ́ sí ìwé yẹn o." Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn ẹni tó ń pè náà jẹ́jẹ́, ó máa ń kí mi kú iṣẹ́, ó máa ń béèrè àlàáfíà ilé. Ó mọ àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi. Ó mọ ẹnu ọ̀nà tó máa ń gbà jáde ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ẹbí lọ jókòó sọ ọ́. Mo gbà pé Bùọ̀dá ló wà nídìí rẹ̀. N kò ní ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i, bí ẹ̀rù bá ti ń ba ènìyàn, kì í béèrè ẹ̀rí. Ojú ẹnìkan ló máa ń wá tí yóò fi ìbẹ̀rù náà wọ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni oníkọ́kọ́rọ́ náà wí lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, irun àgbọ̀n rẹ̀ sì ti ń hewú ṣáájú tèmi. "Mi ò ní í bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Bí mo bá bi yín, ẹ máa parọ́, èmi náà á wá ní láti ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ìyà wo ló jẹ àwa méjèèjì?"

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, ó sì gbé ìbọn méjì lé e. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Èkejì ki, ó dúdú láìdán, ojú ibi tí irinṣẹ́ ti fá a sì hàn lára rẹ̀ bí ojú àpá. Mo bi í pé èwo ló wọ́n jù nínú méjèèjì.

"Tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, òkè òkun ló ti wá. Owó rẹ̀ máa dùn yín. Èyí tó ki yìí, alágbẹ̀dẹ tiwa níbí ló rọ ọ́. Owó tiẹ̀ ò ní í dùn yín rárá, àfi ọwọ́ yín, lọ́jọ́ tó bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín tán, ó wo ojú mi. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń wá síbí kì í rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń bá wọn rín tiwọn."

Mo gbé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń dì mú kúrú, ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ rọ̀ sílẹ̀ láìrí nǹkan dì mọ́. Mo gbé èyí tó ki. Ó kún ọwọ́ mi dáadáa, ó bá mi lára mu lọ́nà tó bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sún mọ́ ìbàdí mi, bùbá mi wú síwájú bí ikùn aláboyún. Oníkọ́kọ́rọ́ náà mi orí. Ó ní èyí tó bá rọrùn láti fi pamọ́ kì í rọrùn láti dì mú, èyí tó bá sì rọrùn láti dì mú, gbogbo àdúgbò ló máa rí i. Bó ṣe wà nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Mo bi í léèrè pé bó bá jẹ́ òun ńkọ́, èwo ni òun máa mú.

"Èmi?" ni ó wí. "Èmi ní kọ́kọ́rọ́."

Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì mú àpò kan jáde. Igi ló wà nínú rẹ̀, igi tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí àwọn ìbọn náà, tí wọ́n lu inú rẹ̀, tí wọ́n sì yọ́ òjé sí i kí ìwọ̀n rẹ̀ lè bá ti irin dọ́gba. Ọ̀nà tó ń gbà ṣòwò nìyẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ra bàtà láì wọ̀ ọ́ rìn, pé ọ̀pọ̀ ló ti mú irin lọ sílé tí wọ́n sì gbé e padà wá ní ọjọ́ kejì pé ó ń gún àwọn nígbẹ̀ẹ́. "Ẹ gbé igi yìí fún ọjọ́ márùn-ún," ni ó wí. "Ẹ fi jókòó, ẹ fi jẹun, ẹ fi gun àtẹ̀gùn. Ẹ má bọ́ ọ sílẹ̀ o, àfi bí ẹ bá fẹ́ sùn tàbí ẹ fẹ́ wẹ̀. Bí ara yín bá gbàgbé rẹ̀, ẹ padà wá ká sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbàgbé, ẹ padà wá náà, ká gbé irú èkejì." Mo yan èyí tó ki, nítorí owó. Mo sọ fún ara mi pé ìṣirò ọlọgbọ́n ni. Báyìí, mo rò pé bí ó ṣe kún ọwọ́ mi ló wù mí.

Ẹ̀yìn ni mo fi sí, sábẹ́ bẹ́líìtì, níbi tí bùbá ti máa ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo àga inú ọ́fíìsì di ọ̀tá mi. Mi ò lè fara ti nǹkan kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti mú fáìlì nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, orí igi náà tọ́ka sókè lábẹ́ aṣọ mi bí ìka ọwọ́, mo sì tètè nàró, mo wo ẹ̀yìn. Mo kọ́ bí a ṣe ń lóṣòó dípò kí a bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ kan gba inú èrò kọjá. Ìyàwó mi wò mí níbi oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé ṣíbí dúró. "Ọkọ mi, ṣé eéwo ló yọ sí yín nídìí ni, tí ẹ ń jókòó bí ẹni tó sàba lé ẹyin?" Ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì parọ́ pé ẹ̀yìn ló ń ro mí. Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́. Mi ò mọ̀ pé màá tún lò ó.

Ohun tí ó ya mí lẹ́nu jù ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì pé mo gba ọ̀nà tóóró ti Olówógbowó kọjá, mo sì wo ojú gbogbo ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni mo rò pé mo fẹ́ fi igi ṣe? Bí ẹnìkan bá yọ sí mi, òjé àti igi ìrókò ni mo ní láti fi ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀ èjìká mi ti gbé sókè. Ohùn mi pàápàá yí padà lórí fóònù nígbà tí ọkùnrin ohùn jẹ́jẹ́ yẹn pè. Mo dá a lóhùn bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́yìn. Mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù tó kọjá, ó sì dà bí ìgbà tí mo ń ka ìwé ẹlòmíràn, ẹni tí mi ò ní í fẹ́ bá jókòó.

Ọjọ́ kẹrin bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Alhájà ti ránṣẹ́ sí èmi àti Bùọ̀dá pé kí a wá bá òun ní páálọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ní láti ṣàlàyé àṣà kan ní ilé wa níhìn-ín, nítorí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é nílé ẹlòmíràn. Bí ọkùnrin méjì bá ń jà nínú ẹbí, Alhájà kì í gbọ́ ẹjọ́ wọn ná. Àwọn méjèèjì á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àyà àti iwájú orí nílẹ̀. Á na ọwọ́ kan lé ẹ̀yìn ẹni yìí, á na ọwọ́ kejì lé ẹ̀yìn ẹni yẹn, á sì ṣe àdúà. Lẹ́yìn tó bá ní "Ẹ dìde" ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lẹ́yìn ọwọ́ yẹn kì í jáde kúrò ní páálọ̀, ohun tí wọ́n bá sì parí sí, kò sẹ́ni tó ń dá a padà. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà yẹn rí, àwọn tí irun orí wọn ti funfun, bí àwọn ọmọ ilé kéwú.

Ó yẹ kí n bọ́ igi náà sílẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àmì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: mi ò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo mọ̀ pé bí mo bá forí kanlẹ̀ láàárín sáfù, nínú ìlà àwọn tó ń kírun, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á rí i, mo sì jókòó sí ọ́fíìsì, mo ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún. Ẹni tó ti yẹ ìrun sílẹ̀ nítorí igi, kí ló tún kù tí kò ní í yẹ̀ sílẹ̀? Bóyá ìlérí ọjọ́ márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ mú ṣẹ, èmi tí ìlànà máa ń wù. Bóyá nítorí pé ẹni tí mo ń bẹ̀rù gan-an ni mo ń lọ bá jókòó. Ìwé àkọsílẹ̀ mi kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bùọ̀dá ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó ṣì ń run lọ́fínńdà Jímọ̀. Alhájà wà lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lórí tìmùtìmù, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí i. Ó fi ojú tọ́ka sí ilẹ̀. Bùọ̀dá kò ṣe iyè méjì. Ó wó lulẹ̀ gbalaja, ọkùnrin tó sanra bẹ́ẹ̀, ó fi iwájú orí lélẹ̀, ó sì dúró de èmi.

Mo kúnlẹ̀ lórí eékún kan. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀.

"Àjàní," ni Alhájà wí, "ìwọ ni mò ń retí."

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Màmá. Mi ò lè nà tán."

Mo gbọ́ tí Bùọ̀dá mí kanlẹ̀ láti orí ilẹ̀ níbi tó wà. Kò gbé orí sókè; nínú ilé wa, ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀ kì í gbé orí títí wọn á fi ní kó dìde. Mo rò pé Alhájà yóò bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Òun ló ń fi òrí àti àdí ra ẹ̀yìn gbogbo wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sì sí egungun kan ní ẹ̀yìn mi tí kò mọ̀. "Ẹ̀yìn kẹ̀? Sún mọ́ mi. Ibo ló ti ń dùn ọ́ gan-an?" Kí n tó sọ pé rárá, ó ti na ọwọ́. Ọwọ́ náà bọ́ sí èjìká mi, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀, bí ẹni ń wá ojú iṣan, ó ń sọ pé àárẹ̀ ọ́fíìsì ni, ó ń sọ pé àwa ọmọ ìwòyí kì í rìn. Ó dé ìbàdí mi. Ó dúró.

Mo gbọ́ fáànù. Mo gbọ́ èémí Bùọ̀dá lórí ilẹ̀. Ọwọ́ Alhájà tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá.

"Lóòótọ́ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún. Ìwọ, dìde. A ò ní í ṣe é lónìí. Ẹ padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Bùọ̀dá dìde, ó ń gbọn eruku kúrò ní àyà rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ ló kọjú sí. Ohun tó mọ̀ kò ju pé òun sùn sílẹ̀, èmi kò sùn. "Ẹ̀yìn!" ni ó wí. "Ẹ̀yìn tó gbé àpò ìrẹsì wọlé lánàá náà ni àbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀? Ó dáa o, Ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ̀." Ó kí Alhájà pé ó dìgbà, ó sì jáde láìwo ojú mi.

Alhájà ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, mo sì fa igi náà yọ, mo gbé e lé e. Ó yí i padà lọ́wọ́, ó fi èékánná họ ọ́. "Ta ni o fẹ́ yìn ín fún?"

"Igi ni, Màmá. Kì í ṣe ìbọn."

"Mo ti rí i pé igi ni. Mo bi ọ́, ta ni?"

Ẹni tí mo ti dárúkọ nínú ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Alhájà gbé igi náà padà fún mi. Ohun tí mo rántí pé ó sọ nìyí: "Igi ni kò jẹ́ kí o dọ̀bálẹ̀ lónìí. Bó bá wá jẹ́ irin ńkọ́?" Ìwé àkọsílẹ̀ mi ti ọjọ́ yẹn kò ní gbólóhùn yìí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó ní, "Dá a padà fún ẹni tó ni ín." Ó lè jẹ́ pé ó sọ méjèèjì. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo fi èkíní sí i lẹ́nu láti ọjọ́ náà wá, nítorí pé mo nílò ẹni tí yóò sọ ọ́.

Mo dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Oníkọ́kọ́rọ́ náà gbà á, ó nu òógùn mi kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú àkísà. "Èwo lẹ wá mú, ẹ̀gbọ́n?" Mo ní kò sí. "Ẹ̀rù ti tán nìyẹn?" Mo ní rárá. Ó mi orí bí dókítà tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì bá mi pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà mi. Owó ìyẹn ni mo san.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ kò bọ́ sí ọwọ́ wa. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ara Alhájà kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé láàyè. A sin ín ní ọjọ́ tó kú, bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Èmi àti Bùọ̀dá jọ wọ inú sàréè láti gbà á sílẹ̀, a ò sì sọ ju "rọra, ẹ gbé apá ọ̀hún" lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, àdúà tí a ṣe fún òkú rẹ̀, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ, mo bá a níbi tó jókòó sí ní àgbàlá lórí àga onírọ́bà. Mo fẹ́ mọ̀. Mo bi í léèrè tààrà pé kí ló dé tó fi rán àwọn ènìyàn sí mi, sí ọmọ mi. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó sì fi nọ́ńbà kan hàn mí. Nọ́ńbà tí mo mọ̀ ni. Ọkùnrin ohùn jẹ́jẹ́ náà ti pè é ju bó ṣe pè mí lọ.

"Ìwọ rò pé èmi ni?" ni ó wí. "Àjàní, èmi náà ni àwọn èèyàn ẹni tó fẹ́ ra ilé ń pè. Wọ́n ní bí mi ò bá mú ọwọ́ rẹ wá sórí ìwé, àwọn máa dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì mọ́tò mi. Ilé yìí ò wù mí í tà mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ níwájú Alhájà lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kí àwa méjèèjì lè jọ mọ bí a ṣe máa kọjú sí wọn. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé wa lẹ́yìn ná, kí ọ̀rọ̀ náà má baà jáde." Ó gbé fóònù padà sínú àpò. "Ìwọ wá ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́."

Mi ò sọ nípa igi náà fún un. Mo ti gbìyànjú láti ṣàwárí ìdí rẹ̀ nínú ara mi. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó dà bíi pé bí mo bá sọ fún un pé ìbọn ni mo rò sí i, màá gba ìwọ̀nba ohun tó kù fún wa lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, lórí símẹ́ńtì àgbàlá, gbalaja, níwájú àwọn obìnrin tó ń fọ ìkòkò. Símẹ́ńtì náà tutù. Mo dúró níbẹ̀, mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe fún àbúrò.

"Dìde," ni ó wí láti orí àga rẹ̀. "Aṣọ rẹ ti rin."

A tà á. Láìsí Alhájà, láìsí ọ̀rọ̀ kan tí a jọ dì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ló ń dá gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn nínú fóònù tirẹ̀, ó sì rẹ olúkúlùkù lákòókò tirẹ̀. Bùọ̀dá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi kó ìkòkò rẹ̀, ọmọ mi kó ìwé rẹ̀, a sì kọjá afárá lọ gba yàrá méjì níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ oríkì mi.

Mi ò ra ìbọn títí di òní, mi ò sì ní í ṣe bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí. Mo ṣì máa ń wo ẹ̀yìn ní ọ̀nà tóóró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ ti sọ fún mi pé àwọn ń wá kékeré kan tí owó rẹ̀ kò ga, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wúwo tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, bí èmi náà ti ṣe. Mo máa ń gbọ́ wọn dé òpin. Mi ò ní ìmọ̀ràn tó lágbára fún wọn, nítorí mi ò lè bá wọn sọ pé kò sí ohun tó yẹ ní bíbẹ̀rù ní ìlú yìí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: ìbọn tèmi kò ní ihò, kò ní ọta, kò sì dún. Ó yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní páálọ̀ Alhájà. Ẹni tó bà ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le; a máa ń kí ara wa lórí fóònù lọ́jọ́ Iléyá.